Soave kan ò jọ Soave kejì: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń rà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mu Soave, wáìnì funfun kan láti Ítálì, ìlú Verona ni mo wà, ní ilé oúnjẹ kan báyìí tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fa ìgò náà yọ látinú yìnyín, ó tutù débi pé ara gíláàsì ń làágùn, mo gbé e sẹ́nu, ó dà bí omi tí wọ́n kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Mo ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pariwo? Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dojú kọ ẹja mi. Nígbà tó máa fi tó bí ìṣẹ́jú 40 tí mo tún rántí ẹ̀, wáìnì yẹn ti di nǹkan mìíràn pátápátá, òórùn òdòdó ń jáde, adùn èso kan rọra ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí mo sì gbé e mì, ó fi ìkorò kékeré kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ahọ́n, bí ìgbà téèyàn fi òkúta fọ́ kóró fúrúùtù tó sì jẹ inú ẹ̀. Ìgò kan náà ni o, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Òtútù ló pa á mọ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rí ìgò mìíràn tí wọ́n kọ Soave sí gàdàgbà, owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó ti àkọ́kọ́. Inú mi dùn, mo rà á. Mo ṣe é bí mo ṣe rí i lọ́jọ́sí, mo jẹ́ kó jókòó kí òtútù ara ẹ̀ dín kù, mo dúró dúró, omi ló jẹ́, omi náà ló kú sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé orúkọ tó wà lára ìgò nìkan ò tó, àfi kéèyàn mọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù ń sọ. Nǹkan tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí nìyẹn, torí kò le rárá tí wọ́n bá ti là á fúnni lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ ẹ̀

Soave (ẹ pè é ní so-À-ve, àárín ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́) jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Verona, ní ẹkùn Veneto, lápá àríwá Ítálì, téèyàn bá wọ mọ́tò láti Verona kò ní pẹ́ tó fi débẹ̀. Odi ìlú yí i ká, ààfin àtijọ́ kan jókòó sórí òkè, àwọn ìdílé Della Scala tó jọba Verona nígbà kan ló lò ó. Tẹ́ ẹ bá dúró sí ibi ààfin yẹn tẹ́ ẹ wo àríwá, òkè lẹ máa rí, òkè lórí òkè, gbogbo ẹ̀ ló kún fún igi àjàrà. Tẹ́ ẹ bá yíjú sí gúúsù, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó tẹ́ lọ bí ẹní. Ẹ fi àwòrán yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Lọ́dún 1931 ni ìjọba Ítálì fi ìwé àṣẹ pààlà sí àwọn òkè tó yí Soave àti Monteforte d'Alpone ká pé ibẹ̀ ni Soave ti ń wá. Nígbà tó di 1968 tí wọ́n wá fún un ní òǹtẹ̀ DOC, ìyẹn àmì òfin Ítálì tó ń sọ ibi tí ọtí ti wá àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, ààlà yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ti wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì ń mu ún bí ẹní mu omi láwọn ọdún 1970, kí làgbẹ̀ máa ṣe, ó gbin àjàrà dé ibi tí ilẹ̀ rọ̀, ibi tí omi pọ̀ sí. Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é, Garganega lorúkọ ẹ̀, kò sì mọ ìwọ̀n ara ẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá fún un láàyè á so débi pé ẹ̀ka fẹ́ẹ̀ kán, àjàrà tó bá sì so bẹ́ẹ̀, omi ló máa ń pọ̀ nínú ẹ̀. Bí orúkọ Soave ṣe wá bà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọ ọtí nìyẹn, kì í ṣe pé àwọn òkè yẹn lọ síbì kan. Wọ́n wà níbẹ̀.

Àwọn òkè yẹn fúnra wọn, oríṣi méjì ni. Àwọn tó pọ̀ jù jẹ́ òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sílẹ̀ láyé ọjọ́un, ilẹ̀ ẹ̀ dúdú bí èédú. Àwọn tó kù, pàápàá lápá ìwọ̀ oòrùn, òkúta ẹfun ni, ilẹ̀ wọn funfun. Mo ń padà bọ̀ sórí èyí nísàlẹ̀.

Nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí igi àjàrà dúró gbọn-in bíi ti ibòmíràn, pákó àti wáyà ni wọ́n fi gbé e sókè bí àtíbàbà, ewé á wá bo orí, èso á sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ òjìji. Pergola ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2018, àjọ FAO ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ọgbà àjàrà ìbílẹ̀ Soave mọ́ àwọn iṣẹ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ ogún tó yẹ kí ayé tọ́jú, ọ̀nà ìgbin-àjàrà yìí sì wà nínú ohun tí wọ́n rí.

Kí ló wà nínú ẹ̀

Òfin sọ pé Garganega ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 70 nínú 100. Tó bá ku nǹkan kan, Trebbiano di Soave tàbí Chardonnay ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Trebbiano yẹn dẹ́rù bà yín o, kì í ṣe Trebbiano lásán tó kún Tuscany, àjàrà kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní Verdicchio lápá Marche, àjàrà gidi ni, ó ní kíkan tó ń gbé ẹnu dìde. Chardonnay ní tiẹ̀, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń mú kí wáìnì náà sanra kó sì gbàgbé ilé.

Garganega máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, èèpo ẹ̀ nípọn, ìyẹn sì ṣe pàtàkì nígbà tá a bá dé orí èyí tó dùn. Tẹ́ ẹ bá ń mu ún, ohun tẹ́ ẹ máa wá ni ọsàn kíkan, ápù, píà (píà òyìnbó ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tá a fi ń jẹ búrẹ́dì), òórùn òdòdó funfun, lẹ́yìn náà ìkorò díẹ̀ bíi ti álímọ́ńdì lópin. Ìkorò lópin yẹn lèmi fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ò bá fẹ́ràn orógbó lè bínú sí i, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ á ní kí wọ́n tún bu òmíì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ara ìgò

Ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ má tíì wo iye tí wọ́n kọ sí i.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wá ni Classico. Tó bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé orí òkè àtijọ́ wọ̀nyẹn ni àjàrà náà ti wá, inú ààlà 1931 yẹn. Tó bá jẹ́ Soave nìkan ni wọ́n kọ, ó lè jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ ibikíbi nínú ààlà ńlá. Ẹ tún lè rí Colli Scaligeri, ìyẹn àwọn òkè tó wà níta Classico, òun náà ò burú. Tówó bá pé tàbí kò pé, Classico ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, owó tẹ́ ẹ máa fi kún un kì í sábà pọ̀, ìyàtọ̀ ẹnu ẹ̀ sì pọ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá orúkọ òkè kan wà lára ẹ̀. Láti 2019 ni wọ́n ti fọwọ́ sí òkè àti àdúgbò 33 tí wọ́n lè kọ orúkọ wọn sára ìgò, irú bíi Foscarino, Froscà, Carbonare, Castelcerino, Fittà. Ẹni tó bá kọ orúkọ òkè sára ọtí ẹ̀, ó ti ń sọ fún yín pé ẹ wá bi òun léèrè. Mo fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Superiore ńkọ́? Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Soave Superiore ní òǹtẹ̀ DOCG, tó ga ju DOC lọ lórí ìwé, agbára ọtí inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 12 nínú 100, igi àjàrà ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ so tó ti Soave lásán. Èèyàn á rò pé òun ló dáa jù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ilé Pieropan, àwọn tó ń ṣe wáìnì, tó wà nínú ìlú Soave gan-an láti 1880, àwọn ìgò wọn tó lókìkí jù lọ, Soave Classico ni wọ́n kọ sí i, wọn ò kọ Superiore. Àwọn míì bẹ́ẹ̀ náà. Torí náà ẹ má sáré tẹ̀ lé G yẹn bíi pé òun ni wúrà. Classico àti orúkọ ẹni tó ṣe é ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Ẹ tún wá gbólóhùn kékeré yìí lẹ́yìn ìgò: imbottigliato all'origine. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n ti ṣe ọtí náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sígò, kì í ṣe pé ẹnì kan ra ọtí káàkiri tó wá lẹ orúkọ ara ẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ọdún ìkórè. Soave lásán, ẹ má ra èyí tó ti ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ, kò sí ohun tó ń dúró dè níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Roberto Anselmi, ara Monteforte, ó bínú sí òfin àwọn Soave nígbà tó di 2000, ó ní òun ò ṣe mọ́, ó yọ orúkọ Soave kúrò lára ọtí ẹ̀ pátápátá. Ọtí ẹ̀ bíi San Vincenzo àti Capitel Foscarino, Veneto IGT, òǹtẹ̀ tí òfin ẹ̀ rọ̀ ju ti DOC lọ, ni wọ́n kọ sí i dòní. Òkè kan náà, Garganega kan náà, orúkọ ló fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ má sọ pé kì í ṣe Soave, ṣe ló kàn bá ẹbí jà.

Irú tó wà, àti bẹ́ ẹ ṣe máa fi ẹnu mọ̀ ọ́n

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ṣe nínú táǹkì irin, wọn ò fi igi kàn án, wọ́n tètè rọ ọ́ sígò kí tútù ara ẹ̀ má lọ. Àwọ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ọsàn kíkan àti ápù ló ń dùn lẹ́nu, agbára ẹ̀ bí ìdá 12 báyìí. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń mu ún.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ara ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n á máa rò ó nígbà míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ìsàlẹ̀ kèrègbè ẹmu rí mọ ohun tí mò ń sọ, nǹkan funfun tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn, wọn kì í dà á nù, òun ló ń mú kí wáìnì náà kún ẹnu láìjẹ́ pé ó dùn. Staforte tí ilé Prà ń ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni òkè dúdú àti òkè funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá lè rówó ẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá lè pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ dáwó, ẹ ra Calvarino àti La Rocca, ilé Pieropan ló ń ṣe méjèèjì, kẹ́ ẹ ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹ̀kọ́ tó yá ju ìyẹn lọ. Calvarino wá láti orí òkúta dúdú, Garganega àti Trebbiano di Soave ló wà nínú ẹ̀, wọn ò fi í sínú igi rárá, 1971 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń sọ pé òun ni Soave àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti òkè kan ṣoṣo. La Rocca wá láti ilẹ̀ ẹfun ní abẹ́ ààfin yẹn gan-an, Garganega nìkan, wọ́n fi sínú àgbá igi, láti 1978.

Ẹ da méjèèjì sí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má tíì mu ún. Ẹ gbé e síwájú bébà funfun: La Rocca á pọ́n díẹ̀, bí koríko gbígbẹ. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Calvarino máa ń dákẹ́, òdòdó díẹ̀, ọsàn díẹ̀, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ bí òórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. La Rocca ò dákẹ́ rárá, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, èso tó pọ́n, oyin, nǹkan títa sánsán bíi ti igi. Ẹ wá mu ún. Calvarino á rìn gbọọrọ lórí ahọ́n, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kan, ó fẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ lópin, ẹ máa rí i pé itọ́ ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. La Rocca á tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ kalẹ̀, ó ki. Èmi, Calvarino ni mo máa ń yàn, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní mi ò mọ nǹkan tó ń dùn, a ò tíì parí ìjà yẹn.

Tí kò bá sí Pieropan nítòsí, ẹ wá Monte Carbonare ti ilé Suavia fún ti òkè dúdú. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ jọ mọ́ èédú.

Spumante náà wà, ìyẹn èyí tó ń hó. Ẹ tọ́ ọ wò tẹ́ ẹ bá rí i, mi ò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa ẹ̀.

Recioto ló ṣẹ́ kù, òun sì ni baba wọn tẹ́ ẹ bá bi mí. Recie, ní èdè àwọn ará Veneto, etí ni. Ìdì àjàrà máa ń ní èjìká méjì lókè tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí, àwọn ló ń rí oòrùn jù, àwọn ló ń dùn jù, àwọn ni wọ́n máa ń já láyé àtijọ́. Wọ́n á wá sá a. Kì í ṣe sínú oòrùn bí ẹní sá èlùbọ́ o, inú yàrá òkè àjà ni, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ẹ̀, lórí ọparun àti pákó pẹlẹbẹ, láti ìgbà ìkórè títí wọ inú òtútù, bí oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èèpo Garganega tó nípọn ni kì í jẹ́ kó jẹrà. Omi á gbẹ, ṣúgà á kù, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó fún un. Ohun tó ń jáde ní àwọ̀ wúrà, ó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kíkan ẹ̀ ṣì wà lábẹ́, òun ni ò jẹ́ kó súni. Ó gba DOCG lọ́dún 1998, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Veneto. Ìgò kékeré ni wọ́n sábà máa ń rọ ọ́ sí, owó ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n gíláàsì kékeré kan tó fún ẹnì kan.

Títutù ẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ máa fi jẹ

Ẹ má ṣe bí ilé oúnjẹ yẹn ṣe ṣe fún mi. Soave lásán, digíríì 8 sí 10 ni. Èyí tó bá ní orúkọ òkè lára, tàbí tó wọ inú igi, 10 sí 12. Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní bíi 4 tàbí 5, torí náà ẹ gbé e jáde ní bí ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó mu ún, tẹ́ ẹ bá wà níbi tí ooru ti mú bíi Èkó, ìṣẹ́jú 10 ti tó, kẹ́ ẹ sì máa bù ú díẹ̀díẹ̀ dípò kẹ́ ẹ kún gíláàsì. Tí kò bá tíì tutù tí àlejò ti dé, ẹ po yìnyín mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ ri ìgò sínú ẹ̀ títí dé ọrùn, kò ní pẹ́. Yìnyín nìkan láìsí omi á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju yìnyín sínú wáìnì.

Ní Veneto, ẹja adágún omi Garda ni wọ́n fi ń mu ún, àti ìrẹsì risotto, àti ewébẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bacalà alla vicentina, oúnjẹ Vicenza tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Orúkọ ẹ̀ jọ ti ẹja oníyọ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe òun, òkóporókó ni! Òkóporókó Norway tá a mọ̀ yìí, tó gbẹ bí igi, wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú wàrà, àlùbọ́sà àti òróró ólífì lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ra òkóporókó Norway jù. Ọjọ́ tí mo gbóòórùn ẹ̀ ní ilé ọ̀gá mi kan níbẹ̀, mo rò pé ẹnì kan ń se ẹ̀fọ́ rírò lẹ́yìnkùlé. Ẹ mu Soave Classico mọ́ ọn, kíkan ẹ̀ á gé ọ̀rá wàrà yẹn.

Oúnjẹ wa náà ńkọ́? Ẹja yíyan, móínmóín, ẹja tútù tí ata ò pọ̀ nínú ẹ̀, ó bá a mu. Tí ata bá ti pọ̀, ọtí máa ń fi kún títa ẹ̀ ni, ẹ mú èyí tí agbára ẹ̀ kéré, tàbí kẹ́ ẹ mu omi yín jẹ́jẹ́. Recioto, wàràkàṣì tó ní bátànì búlúù bíi gorgonzola ni mo fi ń mu ún, tàbí pandoro, kéèkì Kérésì àwọn ará Verona.

Tó bá ti bàjẹ́

Tẹ́ ẹ bá ṣí i tó ń rùn bíi páálí tó lómi, kọ́ọ̀kì ló ba á jẹ́, ẹ gbé e padà, ẹ̀bi yín kọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé Pieropan fi ń lo ìdérí ayíde fún Classico wọn, ẹ má rò pé ìdérí ayíde túmọ̀ sí ọtí yẹpẹrẹ. Tí Soave tó yẹ kó funfun bá ti ń pọ́n bí tíì, tó ń rùn bí ápù tó ti ń jẹrà, afẹ́fẹ́ tàbí ooru ti pa á. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ìgò tí wọ́n tò sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bá yín mú ti inú páálí lẹ́yìn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, ẹ dé e, ẹ gbé e padà sí fíríìjì, ọjọ́ méjì ò ṣe é ní nǹkan kan. Calvarino gan-an, lọ́jọ́ kejì ni mo fẹ́ràn ẹ̀ jù, tó bá ṣẹ́ kù ni o.